Ejò Tó Gbé Ènìyàn Sẹ́nu: Àmì Ìdílé Visconti ti Milan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa fi ọkọ̀ Alfa Romeo àtijọ́ kan sílẹ̀ fún wa, mo sì fẹ́ tún un ṣe. Nínú àmì tó wà níwájú rẹ̀, mo rí ejò kan tó dé adé, tó sì gbé ènìyàn sẹ́nu. Aládùúgbò wa kan ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, pé kí n yọ ọ́ dànù. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ejò yìí ti wá? Ṣé ó ń gbé ẹni náà mì ni, àbí ńṣe ló ń pọ̀ ọ́ jáde? (Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.)

ÌDÁHÙN: Ẹ má yọ ọ́. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ ló ni ejò yìí. Ìdílé Visconti ló ni ín, àwọn tí agbára ìlú Milan ní àríwá Ítálì bọ́ sí lọ́wọ́ ní 1277, nígbà tí Ottone Visconti, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, ṣẹ́gun ìdílé Della Torre ní Desio, tí ìran wọn sì wà lórí oyè títí di 1447, nígbà tí Filippo Maria kú láìní ọmọkùnrin tí yóò jogún rẹ̀. Biscione ni wọ́n ń pe ejò náà níbẹ̀, ìyẹn ejò ńlá. Lórí asà ìdílé náà, ojú asà funfun, ejò dúdú bí aró, ènìyàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì pupa.

Ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí ó ṣe di tiwọn ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì bára mu. Àwọn kan ní Ottone mìíràn nínú ìdílé náà, tó ti wà ṣáájú bíṣọ́ọ̀bù yìí, ló bá àwọn ajagun Kristẹni lọ sí ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù, tó pa jagunjagun Mùsùlùmí kan níbẹ̀, tó sì gba àmì orí asà rẹ̀. Àwọn mìíràn ní dírágónì kan tó ń jẹ́ Tarantasio ló ń pa ọmọ jẹ létí adágún Gerundo, kí ọmọ Visconti kan tó pa á. Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: wọ́n ní Azzone Visconti bọ́ àṣíborí rẹ̀ sílẹ̀ láti sinmi, paramọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì gbé àṣíborí náà dé padà láìmọ̀, síbẹ̀ ejò náà kò bù ú ṣán.

Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1288, nígbà tí Azzone kò tíì dáyé, olùkọ́ kan ní Milan, Bonvesin da la Riva, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó fi yin ìlú rẹ̀ pé wọ́n máa ń fa àsíá kan lé ọmọ Visconti kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ya ejò aró sí, tó ń gbé Mùsùlùmí pupa mì, àti pé àwọn ọmọ ogun ìlú kì í pàgọ́ síbikíbi àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé àsíá náà kọ́ sórí igi. Lójú tèmi, àmì ló kọ́kọ́ wà, àwọn ìtàn ni wọ́n wá fi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ Bonvesin yìí sì dáhùn ìbéèrè yín kejì. Àwọn kan lóde òní ń sọ pé ńṣe ni ẹni náà ń jáde bọ̀ bí ẹni tí a tún bí. Ẹ̀rí tó lọ́jọ́ lórí jù tí mo mọ̀ ní ó ń gbé e mì. Àmì ogun ni, ẹ̀rù ni wọ́n sì fẹ́ kó máa bani.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹni tó bá gbé ejò náà sórí asà ń fi sọ pé òun ló ni Milan. Ní 1395, Wenceslaus, ọba Jámánì tó ń ṣàkóso Ilẹ̀-Ọba Róòmù Mímọ́, fi Gian Galeazzo Visconti jẹ oyè Duke, wọ́n sì wá fi ẹyẹ idì Ilẹ̀-Ọba náà sí ẹ̀gbẹ́ ejò náà. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ni Francesco Sforza, balógun tí wọ́n ń fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ogun, tó gba ìlú náà ní 1450. Kì í ṣe ọmọ Visconti. Ìyàwó rẹ̀, Bianca Maria, ni ọmọ Filippo Maria, ọmọ tí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ìyàwó ilé. Nítorí náà ni ó ṣe di ejò náà mú ṣinṣin. Bona Sforza, ọmọ ìran rẹ̀ tó fẹ́ ọba Pólándì ní 1518, gbé e dé ọ̀hún, ó sì wà lára àmì ìlú Sanok títí di òní.

Ní ti ọkọ̀ yín, Milan ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1910, wọ́n sì fi àgbélébùú pupa ìlú náà àti ejò Visconti ṣe àmì rẹ̀. Ẹ wo etí àmì náà dáadáa kí ẹ tó kùn ún: bí ẹ bá rí MILANO níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti pẹ́ gan-an, torí wọ́n yọ orúkọ ìlú náà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ mìíràn nítòsí Naples.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ejò kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter? (Òǹkàwé kan, Èkó.)

ÌDÁHÙN: Òun ni. Milan ni wọ́n ti dá Inter sílẹ̀ ní 1908, Biscione sì wà lára orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tí Nwankwo Kanu àti Obafemi Martins ti gbá bọ́ọ̀lù fún náà. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Canale 5 náà lo ejò yìí, àmọ́ wọ́n yọ ènìyàn kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi òdòdó rọ́pò.