Tírélà, Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti Fíṣíìsì SS1

Ẹ bèèrè bóyá ó dára kí olùkọ́ SS1 gbé fọ́múlà tì ná, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jiyàn. Ọdún 19 ni mo ti fi kọ́ni ní fíṣíìsì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń gba 80 dáadáa. Mo bi í pé: bí tírélà bá kọlu kẹ̀kẹ́ Márúwá, èwo ló fi ipá tó pọ̀ jù lu èkejì? Kíá ló ní tírélà ni. Bẹ́ẹ̀, ó ti ka òfin kẹta Newton fún mi láìtàsé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, pé bí nǹkan kan bá ti òmíràn, ipá kan náà ni èyí á fi tì í padà. Ipá méjèèjì dọ́gba. Fífúyẹ́ tí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ ló jẹ́ kí ó fò sẹ́yìn. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo kọ́ ọ.

Ní Amẹ́ríkà náà, àwọn olùkọ́ fíṣíìsì ti rí irú rẹ̀. Hestenes, Wells àti Swackhamer gbé ìdánwò kan jáde ní 1992, Force Concept Inventory, tí kò ní ìṣirò rárá, tí irú ìbéèrè yìí wà nínú rẹ̀. Ní 1998, Richard Hake kó èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000 jọ. Níbi tí olùkọ́ ti ń dá sọ̀rọ̀, nínú ohun tí wọn ò tíì mọ̀, nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ni wọ́n mọ̀ kún un. Níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn, 48 ni.

Èmi máa ń ju ọsàn sókè. Nígbà tó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kí ló ń tì í? Kí kálukú kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu ọmọ tó mọ̀wé jù ni wọ́n á máa wò. Púpọ̀ nínú wọn á ní agbára ọwọ́ mi ṣì wà lára ọsàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń tì í sókè mọ́. Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ yẹn: agbára là ń pe force, òun náà là ń pe energy àti power. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti ń pe ohun tó ń ti nǹkan tàbí tó ń fà á ní ipá. Yorùbá ni mo sì ní kí wọ́n fi jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970.

Àṣìṣe mi nìyí: lọ́dún àkọ́kọ́, mo pa ìṣirò tì di tẹ́ẹ̀mù kẹta. Nígbà tí WAEC dé, àwọn ọmọ yẹn lè ṣàlàyé, wọn ò lè ṣírò. Mẹ́ta tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ló tún ìdánwò ṣe. Báyìí, ọjọ́ kejì àríyànjiyàn ni fọ́múlà ń wọlé. Tí àkókò ò bá tó, àkòrí bí oríṣiríṣi tẹmọ́mítà ni mo ń ní kí wọ́n lọ kà nílé.

Ọsàn kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí iṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn, bó ti wù kó máa yún yín lẹ́nu tó.