Ṣé kí á fi dáìsì mẹ́ta rọ́pò d20?

Ẹ ní nínú Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí dáìsì ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà karùn-ún ti 2014, jagunjagun tó ki pọ́pọ́ á fèjìká gbá ilẹ̀kùn títí, kò ní mira; oṣó tó rù kan eegun á fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣí gbayawu. Lóòótọ́, d20 (dáìsì olójú ogún, tí ẹ ń fi àfikún ẹni bíi +5 kún, kí ó lè tó iye tí ẹ ń wá) kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pa á tì, kí ẹ máa ju dáìsì mẹ́ta olójú mẹ́fà, ìyẹn 3d6. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má gbé e wọnú ìjà.

Ẹni tó bá ti fi dáìsì méjì ta Lúdò rí mọ ìdí rẹ̀: àpapọ̀ 7 máa ń jáde ṣáá, àmọ́ ẹni tó ń wá 6-6 á wá a tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 3d6 ṣe ń kó sí àárín. Ọ̀nà 216 ló lè gbà balẹ̀: 27 ń bí 10, 27 ń bí 11, àmọ́ ẹyọ kan péré ló ń bí 18. Lórí d20, +1 kan kì í ju 5% lọ. Lórí 3d6, +1 kan náà tó 12.5% láàárín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo létí. Inú èyí ni gbogbo wàhálà tó kù ti ń jáde.

Ẹ wo goblin, ọ̀tá kékeré kan, tó ń fi +4 gbéjà ko jagunjagun tó wọ plate (ìhámọ́ra irin), tó tún gbé asà dání. AC rẹ̀, iye tí ìkọlù gbọ́dọ̀ tó kó tó bà á, jẹ́ 20, nítorí náà dáìsì goblin gbọ́dọ̀ tó 16. d20 á fún un ní 25%; 3d6 kò fún un tó 5%. Kí mẹ́jọ wọn yí ọkùnrin yìí ká: lórí d20, bí méjì á máa bà á ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, lórí 3d6, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyípo mẹ́ta kí ẹyọ kan tó bà á. Wọ́n ṣe ẹ̀dà karùn-ún lọ́nà tí aláìlágbára púpọ̀ fi lè da akọni láàmú. 3d6 ba ìyẹn jẹ́. Ká má tíì sọ pé DM (olùdarí eré) lè da d20 mẹ́jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé dáìsì 24 ni á máa ṣà ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá yarí pé inú ìjà náà ni àwọn fẹ́ ẹ, iṣẹ́ wà. Critical (ìkọlù tó ń ṣọṣẹ́ jù, tí 20 ń mú wá lórí d20) ní 18 nìkan á di ẹ̀ẹ̀kan nínú 216, paladin yín (jagunjagun mímọ́ tó gbójú lé critical) á sì gbààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 16: ọ̀nà 10 nínú 216, ó sún mọ́ 5% àtijọ́. Ti Champion (irú jagunjagun tí critical tètè ń yá fún) á bẹ̀rẹ̀ láti 15 ní ìpele 3, láti 14 ní ìpele 15. 3 dé 5 ni kí ẹ kà sí 1 àtijọ́ tó máa ń tàsé dandan. Fún Advantage (àǹfààní, tí ẹ máa ń ju d20 méjì fún, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù), ẹ ju mẹ́rin, kí ẹ yọ èyí tó kéré jù. Fún Disadvantage, òdìkejì rẹ̀, ẹ yọ èyí tó pọ̀ jù. Rogue (olè tó sábà máa ń ní Advantage) ló máa jèrè níbẹ̀: critical rẹ̀ tó wà ní nǹkan bí 10% á di 13%.

Bless (ìdán tó ń fi 1d4, dáìsì olójú mẹ́rin kan, kún ohun tí èèyàn jù) ló máa ń tan èèyàn jù, torí 1d4 kò jọ nǹkan ńlá. Ẹni tó nílò 12 lórí d20 ní 45%. Bless á gbé e dé 57.5%. Lórí 3d6, láti 37.5% ló ń fò dé nǹkan bí 68%. Ẹ sọ ọ́ di +1 lásán, 12.5% yín á padà wá gẹ́lẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni Great Weapon Master (ẹ̀bùn tó ń jẹ́ kí jagunjagun gba −5 kí ohun ìjà rẹ̀ lè ṣọṣẹ́ sí i): −5 rẹ̀ á sọ ẹni tó nílò 8 di ẹni tó nílò 13, láti 84% bọ́ sí 26%. Ta ló máa lò ó? −2 ti tó.

Níta ìjà, ọ̀rọ̀ kò le tó báyìí. Ẹ padà síbi ilẹ̀kùn yín, DC (iye tí ìdánwò gbọ́dọ̀ tó) 15. Jagunjagun tó ní +5 á kúrò ní 55% bọ́ sí 62.5%, oṣó tó ní −1 á já láti 25% sí nǹkan bí 4.6%. Ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ fi DC 10 àti 15 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ sọ 20 di 18, 25 di 22. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni +5 tó ń rí 30% ní DC 20 kò ní rí ju nǹkan bí 9% lọ.

Grapple, ìyẹn dídi ọ̀tá mú, ńkọ́? Ìdánwò agbára ni, àmọ́ inú ìjà ló ti ń wáyé, d20 ni kó jẹ́. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí àárín ìjà ni awuyewuye rẹ̀ máa ń bẹ́. Death save (ìdánwò ẹni tó ń kú lọ) náà, d20: 1 àti 20 níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí oṣó Divination (aríran) bá sì fi Portent, agbára tó ń jẹ́ kó fi d20 tó ti jù tẹ́lẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n fẹ́ jù, gbé 19 tàbí 20 kalẹ̀ fún ìdánwò 3d6, ẹ kà á sí 18.

Tí ọkàn yín kò bá kúrò nínú ìjà ṣá, 2d10 (dáìsì méjì olójú mẹ́wàá) ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ọ̀nà 100 géérégé ló ní, ìṣirò rẹ̀ kò le. Goblin òkè yẹn á ní 15%, critical láti 18 á jẹ́ 6%. Bless àti Great Weapon Master ṣì ń fẹ́ àtúnṣe lábẹ́ rẹ̀ o, kì í kàn ṣe èyí tó le tó ti 3d6.