Èsì: Ṣé mo lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn?

Nínú roleplay, ìyẹn ìtàn tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń kọ, tí kálukú ń kọ ti ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ pé idà ẹ̀dá-ìtàn yín gé ọwọ́ ẹ̀dá-ìtàn ẹnìkejì yín já. Rárá o. Ìgbìyànjú ni tiyín, àbájáde ni tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Àkàndé fa idà yọ, ó sì fì í sí apá ọ̀tún Láńre." Kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó ni Láńre ló máa sọ bóyá ó bà á, bóyá ó yẹ̀ fún un, tàbí bóyá aṣọ rẹ̀ nìkan ló ya. Bí ẹ bá kọ méjèèjì pọ̀, godmodding nìyẹn, ìyẹn kí èèyàn máa darí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn, kò sì sí ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí ìtàn tó o.

Ṣùgbọ́n òun náà ò gbọdọ̀ máa yẹ̀ fún gbogbo ọfà. Akọni tí nǹkan kì í bà rí, ká sòótọ́, ó máa ń súni.

Metagaming tún wà níbẹ̀, ìyẹn kí ẹ̀dá-ìtàn máa lo ohun tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ kà níbi tí Àkàndé ò sí, Àkàndé ò mọ̀ ọ́n. Tí Láńre bá dá wà nígbà tó fi lẹ́tà pamọ́ sábẹ́ ẹní, Àkàndé ò lè ṣàdédé wọlé kó lọ ká ẹní yẹn sókè.

Ní ti ikú ẹ̀dá-ìtàn, ẹ kọ́kọ́ bá ẹnìkejì yín sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Tí kò bá tètè dáhùn, ẹ ní sùúrù. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀.