Ẹ má tíì ra áàpù kankan fún síláìdì yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọmọ kan tí kò ríran rárá wọ kíláàsì mi ní táàmù yìí. Ẹnì kan fẹ́ ta áàpù kan fún mi ní ₦35,000, ó ní yóò sọ gbogbo síláìdì mi di èyí tí afọ́jú lè lò. Ṣé kí n rà á? Lẹ́tà mi ti tóbi dáadáa.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, mà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìnira ọmọ ọlọ́mọ pawó.

Ohun tí ọmọ yẹn nílò ni sọ́fítíwíà tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè sí i létí. NVDA jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2006. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n lò jù yín lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí áàpù tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn yín tí ẹ kò kọ. Mo ṣí síláìdì olùkọ́ kan ní Adó, mo dijú, mo ní kí NVDA kà á. Ó dé síláìdì kejì, ó ní “Picture 4”. Ìkẹta, “Picture 5”. Arákùnrin náà ti ya fọ́tò ojú ìwé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tó ń fi etí kàwé kò bá ẹyọ kan níbẹ̀. Lẹ́tà tó tóbi kò lè tún ìyẹn ṣe.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti lè ṣàpèjúwe àwòrán fúnra rẹ̀ báyìí. Lóòótọ́ ni. Ẹ fi àwòrán Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ yín hàn án, ó lè ní “òkè àti ojú ọ̀run”. Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa àpáta lẹ ń kọ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ àwòrán náà lápá ọ̀tún máòsì, ẹ wá Alt Text, ibi tí a ń kọ àpèjúwe àwòrán tí NVDA máa kà sókè sí, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: “Òkè Olósùnta: àpáta ńlá tó yọ gàgàrà ju òrùlé ilé lọ.” Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fún síláìdì kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀, nínú àpótí tí PowerPoint ti ṣe sílẹ̀ fún un. Ẹ tún wo ètò kíkà rẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ síláìdì tó ka ìdáhùn ṣáájú ìbéèrè. Check Accessibility, tó wà lábẹ́ Review, máa ń tọ́ka sí púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí. Bí PowerPoint yín bá ti pẹ́, ibi tó wà lè yàtọ̀.

Lẹ́tà ńlá wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó jẹ́ dúdú lórí funfun. Àwọ̀ ìyeyè (yẹ́lò) lórí funfun kò ṣeé kà nínú kíláàsì tí oòrùn ń wọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà ojú o. Ti ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ bá dókítà sọ ọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ wọn, ẹ má sọ pé “ẹ wo èyí” kí ẹ sì fi igi tọ́ka sí ògiri. Ẹ sọ ohun tí “èyí” jẹ́. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹ fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Ní àárọ̀ kejì, kí ẹ bi í léèrè síláìdì wo ni kò yé e.