Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ibo Ni Ìwé Ìròyìn Ìlera Àgbáyé Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí ìlera àgbáyé, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ní àrùn òkèèrè nìkan ni kí a máa kọ nípa rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: A kí yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Àgbáyé kò yọ ilé sílẹ̀, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àròkọ yín àkọ́kọ́ dá lórí sòbìà, àrùn aràn kan tí àwọn baba wa mọ̀ débi pé ó wọ inú òwe. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sí oògùn tí ó ń pa á. Ohun tí ó lé e lọ ni pé àwọn ará abúlé ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, àti pé ẹni tí aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ bọ odò, nítorí inú omi ni aràn náà ń tú ọmọ rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni asẹ́ kékeré yẹn ṣe! Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Chad, àwọn ajá pàápàá ń kó o.

Ẹ wá àwọn àgbàlagbà tí sòbìà ti ṣe rí, kí ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ wọn.