Ọkọ rẹ̀ ní kí n sọ ohun tó bá mi sọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Gàárì ni mò ń tà l'Ọ́jà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn obìnrin ìjọ wa ti ń wá bá mi sọ̀rọ̀ ilé wọn, pásítọ̀ sì ti fi mí ṣe olórí àwọn agbaninímọ̀ràn. N kò kọ́ ọ níbì kankan. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún mi. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kan náà la wà, oníbàárà mi sì ni, ó jẹ mí lówó àpò gàárì méjì. Ọkọ rẹ̀ ti ń béèrè ohun tó sọ. Àgbà ni, ó sì ti ṣe mí lóore rí. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ó yẹ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ni, àbí ọgbọ́n àgbà tó?
— Ìyá Onígàárì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ìyá Onígàárì, ẹ má sọ fún un o. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ dé etí yín kí ẹ tó ka ìyókù. Bó bá tún dé ìsọ̀ yín, ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ti máa ń kí i, kí ẹ sọ pé: "Bàbá, ẹnikẹ́ni tó bá bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mi lọ̀rọ̀ náà ń wà." Ẹ ò jẹ́wọ́ pé ìyàwó rẹ̀ wá, ẹ ò sì purọ́. Ẹ má fi kún un pé "kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀." Ìyẹn náà ti di ìdáhùn. Oore tó ṣe yín, ẹ fi nǹkan mìíràn san án.

Ní ti ọgbọ́n àgbà, èmi náà gbà tẹ́lẹ̀ pé ó tó. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ gba ohùn èmi àti ọmọbìnrin kan tó wá bá mi sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ́ni báyìí. Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é ṣáájú 1950. Olùkọ́ mi tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ń dá a dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti wí pé, "Ohun tí wàá ṣe ni..." Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́mọ náà sọ pé òun kì í rí oorun sùn. N kò gbọ́ ọ rárá. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi dé Ìkẹ́nnẹ́.

Ní 1957, Rogers yìí kọ ohun tó ń mú kí ẹni tó wá bá wa yí padà: kí a bá a wọ inú bàtà rẹ̀, kí a gbà á bó ṣe wà láìdá a lẹ́jọ́, kí àwa fúnra wa má sì ṣe ojú ayé. Kíkà á ò le. Fífi etí ṣe é ló gba ìkọ́ni, pàápàá fún àwa tí a ti di ìyá, tí ìdáhùn ti máa ń wà lẹ́nu wa kí ìbéèrè tó parí.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ̀yin àti obìnrin yìí yóò wọ aṣọ kan náà, ẹ óò jó kọjá níwájú gbogbo ìlú. Ṣé ara rẹ̀ á balẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ yín lówó: bí ẹ bá béèrè owó, ó lè rò pé ẹ ó fi àṣírí mú òun. Nínú ìlànà iṣẹ́ wa, ẹni tí nǹkan mìíràn ti so wá pọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn là ń darí rẹ̀ sí. Ìlú wa kéré, mo mọ̀, ó sì nira. Síbẹ̀ ibi tí ìlú bá ti kéré gan-an ni òfin yìí ti wúlò jù.

Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ láé. Mo ṣe é rí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí n tó mọ̀ pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo ní láti ké sí àwọn òbí rẹ̀. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò kí mi mọ́ títí ó fi jáde. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ni mo ti ń sọ ọ́: àṣírí yín di tèmi, àyàfi bí ẹ̀mí yín, ẹ̀mí ẹlòmíràn tàbí ọmọdé bá wà nínú ewu. Bó bá ju agbára yín lọ, ilé ìwòsàn Àró wà l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ lọ kọ́ ọ. Yunifásítì Tai Solarin wà ní Ìjagun níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tó ń jẹ́ CASSON tẹ́lẹ̀, tó ti di APROCON báyìí, náà wà. Ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan kì í sọni di agbaninímọ̀ràn o. Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù yín nínú iṣẹ́ náà, tí ẹ óò máa gbé ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó lọ bá, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ rí obìnrin yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kì í ṣe ní ìsọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń béèrè, pé ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Kí ẹ wá bi í bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé náà, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.