"Òun ni èmi": ṣé Mùsùlùmí lè sọ ọ́ ní kíláàsì yoga?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Àfáà. Ìlú London ni mò ń gbé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, dókítà sì ní kí n máa ṣe yoga. Olùkọ́ wa máa ń ní kí a sọ "so" bí a bá ń fa èémí wọlé, kí a sọ "ham" bí a bá ń mí jáde. Nígbà tí mo bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀mí tó wà nínú wa gan-an ni Ọlọ́run. Ọ̀rẹ́ mi kan, Mùsùlùmí ni òun náà, ní kò sí ìjà níbẹ̀, ó ṣe tán Ọlọ́hun sọ pé Òun sún mọ́ wa ju iṣan ọrùn wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé kí n má lọ mọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām, arábìnrin wa. Ọlọ́hun á wo ẹ̀yìn náà sàn.

"So ham" kì í ṣe ìró èémí lásán. Èdè Sanskrit ni: "sa" ni òun, "aham" ni èmi. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ó di "Òun ni èmi". Gbólóhùn ìgbàgbọ́ ni, bí Kálímà ṣe jẹ́ gbólóhùn ìgbàgbọ́ lẹ́nu tiwa. Kí a tó dé orí ẹ̀tọ́ àti èèwọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí àwọn tó ni ín fi ń sọ, ká má baà parọ́ mọ́ ẹlẹ́sìn ẹlẹ́sìn. Al-Bīrūnī, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kọ ìwé ńlá lórí Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1030, kọ́ Sanskrit kó tó dá sí ọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn ìwé ẹ̀sìn Híńdù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Upanishad ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀. Èkíní ni Brahman, èyí tí gbogbo nǹkan gbára lé tí òun kò gbára lé nǹkan kan. Èkejì ni atman, ẹni tó ń jẹ́ "èmi" gan-an lẹ́yìn tí a bá ti yọ ara, èrò àti orúkọ kúrò. (Àwọn onímọ̀ èdè so atman mọ́ mímí, bí ẹ̀mí tiwa náà kò ṣe jìnnà sí èémí.) Nínú Chandogya Upanishad, bàbá kan tó ń jẹ́ Uddalaka ní kí ọmọ rẹ̀ da iyọ̀ sínú omi lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kó mú iyọ̀ náà wá. Ọmọ wá a tì. Bàbá ní kó tọ́ omi náà wò lókè, láàárín, nísàlẹ̀: iyọ̀ ni níbi gbogbo. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kò rí yìí ṣe wà nínú gbogbo ohun tó wà: "tat tvam asi", ìwọ ni ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló tún un sọ.

Ibi tí olùkọ́ yín ti ké ọ̀rọ̀ kúrú ni pé ó sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo Híńdù ló gbà pé ọ̀kan ni Ọlọ́run àti ẹ̀mí. Wọn ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó fi gbogbo agbára gbè é lẹ́yìn ni Shankara, onímọ̀ Híńdù kan, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Orúkọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni advaita, ìyẹn "kì í ṣe méjì". Ó ní bí ènìyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ lọ́tọ̀ dà bí ẹni tó rí okùn nílẹ̀ ní àṣálẹ́ tó pè é ní ejò. Bí a bá gbé fìtílà dé, ejò náà kò sá lọ síbì kan, nítorí kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Lójú rẹ̀, Brahman tòótọ́ kò ní ìròyìn kankan, kò sí "Aláàánú", kò sí "Olùgbọ́". Ọlọ́run tí ènìyàn ń gbàdúrà sí wà ní ìpele ìsàlẹ̀, ìpele ẹni tí kò tíì mọ̀. Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú, a ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ramanuja dìde ní gúúsù Íńdíà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ó tì o. Ẹ̀mí àti ayé wà lóòótọ́. Bí ara ṣe rí sí ẹ̀mí ni wọ́n rí sí Ọlọ́run, wọn kò lè kúrò lára Rẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe Òun. Madhva, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ni, ó ní, wọn kò sì ní di ọ̀kan láéláé. Ó mú gbólóhùn Uddalaka yẹn, ó ní bí fáwẹ̀lì ṣe ń wọnú ara wọn ní Sanskrit, a lè gé e sí "atat tvam asi", ìwọ KỌ́ ni ìyẹn. (Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí pípa fáwẹ̀lì jẹ lè dá sílẹ̀.)

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Patanjali, ẹni tí ìwé àwọn oníyoga fúnra wọn ń jẹ́ tirẹ̀, tí Al-Bīrūnī sì túmọ̀ sí Lárúbáwá. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀mí pọ̀ lọ bẹẹrẹ, Ọlọ́run sì dá yàtọ̀ láàárín wọn: ìyà kò kàn Án rí, èrè iṣẹ́ kò bá A rí. Ohun tí yoga ń wá níbẹ̀ ni kí ẹ̀mí já kúrò nínú ìdè ohun àfojúrí, kì í ṣe pé kó di Ọlọ́run. Olùkọ́ yín ń fi ẹ̀kọ́ Shankara ṣàlàyé yoga Patanjali ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló kàn. Āyà iṣan ọrùn wà nínú Kùránì, ní Sūra Qāf, ẹsẹ 16. Ibn Kathīr, onítumọ̀ Kùránì, ní sísúnmọ́ àwọn mọ̀lẹ́íkà Rẹ̀ ni, nítorí ẹsẹ 17 tó tẹ̀lé e ń sọ̀rọ̀ àwọn méjì tó ń ṣe àkọsílẹ̀. Àwọn mìíràn ní sísúnmọ́ ìmọ̀ Rẹ̀ ni. Èyí tó wù kí a mú, ohun tó sún mọ́ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà. Bí wọ́n bá mú "Mo fẹ́ sí i lára nínú ẹ̀mí Mi" wá (15:29), ẹ rántí pé Ó tún sọ "ilé Mi" (22:26), Ó sì sọ "abo ràkúnmí Ọlọ́hun" (91:13). Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Òun ló ni ín, Ó sì gbé e níyì. Ẹ̀dá ni ẹ̀mí. Àwọn kan tún máa ń fi hádíìsì qudsī (ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí Ànábì sọ fún wa) tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhārī jà, "Màá di etí tó fi ń gbọ́ràn." Kí wọ́n kà á dé ìparí: "Bí ó bá tọrọ lọ́wọ́ Mi, dájúdájú màá fún un." Atọrọ wà níbẹ̀, Olùfúnni wà níbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń pè ní hádíìsì, "ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ti mọ Olúwa rẹ̀", An-Nawawī, onímọ̀ hádíìsì, ti ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ẹnu Ànábì.

Ibi tí ọ̀nà ti pín gan-an nìyí. Ní ti Shankara, ìjọsìn jẹ́ àkàbà: bí ènìyàn bá dókè, kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Ní tiwa, òkè tó ga jù tí ẹ̀dá dé ni òru Isrā, òru tí Ọlọ́hun mú Ànábì rin ìrìn-àjò, orúkọ tí Ọlọ́hun sì pe Ànábì wa lóru ọjọ́ yẹn ni "ẹrú Rẹ̀" (17:1). Nítorí náà, "Òun ni èmi" kò ṣeé sọ fún Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú èémí, ìbáà jẹ́ nínú ọkàn.

Kíláàsì náà ńkọ́? Nínà ara àti mímí jinlẹ̀ kì í di ìjọsìn nítorí pé Íńdíà ni wọ́n ti wá. Ní 2008, ìgbìmọ̀ fátúwà Malaysia fi èèwọ̀ de yoga tó bá da eré ara, ọ̀rọ̀ ìjọsìn àti èrò dídi ọ̀kan pẹ̀lú Ọlọ́run pọ̀. Ní 2009, ti Indonesia ya eré ìmárale lásán sọ́tọ̀ pé kò léèwọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ni mo mú.

Ẹ panu mọ́ níbi "so ham" àti "Om". Orúkọ Ọlọ́run ni Patanjali pe Om, nínú Mandukya Upanishad ó sì dúró fún Brahman fúnra rẹ̀. Dípò rẹ̀, ẹ máa ka èémí: 4 ní fífà wọlé, 6 ní mímí jáde. Ẹ má fi "Allāh" rọ́pò Om lórí ẹní yoga o. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìyẹn ti yanjú rẹ̀, ìjọsìn tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀ yẹn. Àsíkìrí ní àyè tirẹ̀: lẹ́yìn ìrun, Subḥānallāh 33, Al-ḥamdu lillāh 33, Allāhu akbar 33, kí Kálímà kan fi pé 100.

Surya namaskar, ẹ fò ó. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìkíni oòrùn. Ìgbésẹ̀ 12 ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, orúkọ oòrùn 12 sì ni wọ́n ń pè sí i. Nínú ọ̀kan, ẹ̀yà ara 8 ló ń kan ilẹ̀: ẹsẹ̀ méjì, orúnkún méjì, ọwọ́ méjì, àyà àti àgbọ̀n. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ẹ̀yìn, ìnara mìíràn lè ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kúnlẹ̀ tẹ orí ba láti fi na ẹ̀yìn, tó jọ ìforíkanlẹ̀, kò sí aburú níbẹ̀ bí kò bá sí èrò ìjọsìn. "Namaste" jẹ́ ìkíni ojoojúmọ́ ní Íńdíà. Bí olùkọ́ bá ti wá túmọ̀ rẹ̀ sí "Ọlọ́run inú mi ń kí Ọlọ́run inú rẹ", ẹ kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ẹ ti sọ sẹ́yìn láìmọ̀ kò mú yín kúrò nínú ẹ̀sìn (33:5). Ẹ tọrọ àforíjìn. Ẹ kò ní san ìrun kankan padà, kò sì kan yìgì yín. Bí ẹ bá fẹ́ bá olùkọ́ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ má bú ohun tí ó ń sìn (6:108). Bí ó bá ní dandan ni kí ẹ pe "so ham", ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó júwe onífisiotẹ́rápì fún yín.

Ẹ tún wo aago. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ Disẹ́ńbà, oòrùn London máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kíláàsì tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 3 yóò gba àkókò Alásàrí, yóò sì wọnú ti Màgíríbì, nítorí náà ẹ kírun Alásàrí kí ẹ tó wọlé.